Ẹni Tí A Pè Wálé Láti Ojú Ọ̀nà Mora

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ara ọkọ mi yá, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń kó ife sí?"

Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Eliseo fúnra rẹ̀ ló kan kọ́bọ́ọ̀dù tí ife wà mọ́ ògiri nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, ibẹ̀ ló sì ti ń mú ife láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú kirikiri. Mo nawọ́ sí i. Ó mú ife, ó bu kọfí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá lọ jókòó sórí àga tí a máa ń gbé fún àlejò. Ó ń súfèé. Ọkọ mi kì í súfèé.

Kí ẹ tó pè mí ní aláìmoore, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí. Nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, yìnyín dì sójú ọ̀nà tó wọ ìlú wa, Mora. Ọkọ̀ Eliseo yọ̀ ní kọ́nà, ọkọ̀ mìíràn tó ń bọ̀ níwájú náà yọ̀, wọ́n sì forí sọ ara wọn. Ọmọkùnrin tó wa ọkọ̀ kejì, Anselmo Quintana, kú síbẹ̀. Ọlọ́pàá ní kò sí ẹni tó jẹ̀bi, yìnyín ni. Eegun èjìká ọkọ mi ló ṣẹ́, kò sì pẹ́ tó fi jinná.

Orí rẹ̀ ni kò jinná. Bí abọ́ bá jábọ́ nílé ìdáná, abẹ́ tábìlì ni n ó ti bá a. Kò sùn, kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo bá fi ọkọ̀ gbé e, á di ilẹ̀kùn mú gírígírí, á máa fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, á jágbe mọ́ mi, á tún wá sunkún. Ó sú mi. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ojú kò sì tì mí.

Ní ìlú Albuquerque, dókítà obìnrin kan wà, Pruitt, tó ń ṣèwádìí ọpọlọ àwọn tó yè nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Ó ti Eliseo sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, ó sì fi àwòrán náà hàn mí.

"Ẹ wo ibí yìí, mà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pariwo bí ewu bá dé. Ti ọkọ yín kò tíì dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ wá wo èyí. Ibí ni ìrántí ń gbé, òun ló yẹ kó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ó ti sún kì."

"Ṣé á padà bó ṣe wà?"

"Ó ṣeé ṣe. Ẹ ṣáà ní sùúrù."

Sùúrù. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi bí ẹ̀wà ìgbà Lẹ́ńtì.

Ìyá ọkọ mi, Ìyá Librada, ló rẹ́rìn-ín sí gbogbo rẹ̀. Ó mọ ewé, ó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tí ẹ̀rù bà, ó sì ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú.

"Ọpọlọ kọ́ ló sún kì," ló wí. "Ẹ̀mí rẹ̀ ló fò jáde nígbà tí ẹ̀rù bà á. Ojú ọ̀nà ló ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká lọ pè é wálé."

Bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń ṣe é nìyí. Ẹ ó tẹ́ onítọ̀hún sílẹ̀ níbi tí ẹ̀rù ti bà á, ẹ ó fi ewé gbá a láti orí dé ẹsẹ̀, ẹ ó sì pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta pé kó má dúró síbẹ̀ mọ́. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Mò ń bọ̀." Bí ẹnu kò bá dáhùn, ilẹ̀kùn kò ṣí nìyẹn. Mo gbà. Ká ní ó ní kí n jẹ ewé náà ní tútù, mo máa gbà.

Ibi àgbélébùú la lọ. Ofelia Quintana, ìyá Anselmo, ti ri àgbélébùú onígi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún ọmọ rẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà. Òun ni gbogbo ìlú fi ń dá ibi ìjàm̀bá náà mọ̀. A tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, Eliseo sì dùbúlẹ̀, ó ń gbọ̀n.

"Eliseo, má dúró síbẹ̀. Máa bọ̀ nílé."

"Mò ń bọ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tí ibà ń ṣe lọ.

Ìyá Librada pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dáhùn bákan náà. Nígbà kẹta, ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fa èémí sínú, kò tíì pe orúkọ kankan.

"Mò ń bọ̀!"

Ohùn náà yá, ó mọ́, bí ti ẹni tó ti ń dúró de ọkọ̀ láti òwúrọ̀. Ìyá Librada wò mí, èmi náà wò ó. Eliseo dìde fúnra rẹ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì wa ọkọ̀ gbé wa délé.

Láti ọjọ́ náà, oorun rẹ̀ dùn bí oorun ọmọ ọwọ́. Abọ́ ń fọ́, kò mira. Ṣùgbọ́n Eliseo tí mo mọ̀ kì í fẹnu kan ata pupa, ó ní ó ń ta òun nínú. Èyí ń da ata pupa sórí ẹyin, ó tún ń da oyin lé e. Lálẹ́, á dùbúlẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, á kẹ̀yìn sí mi, bí ọmọdékùnrin tí wọ́n ní kó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sùn. "Ẹ" ló ń pè mí, èmi tó ti ń pè ní "ìwọ" fún ọgbọ̀n ọdún.

Mo lọ bá Ìyá Librada. Ó ń bó àlùbọ́sà, kò gbójú sókè.

"Ìyá, ẹni tí ẹ pè wálé yìí kì í ṣe ọmọ yín."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun."

"Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń lọ síbi iṣẹ́?"

"Ó ń lọ, mà."

"Kí lo wá ń wá? Nígbà tó ń ṣàìsàn, ẹkún. Ara rẹ̀ yá tán, ẹkún náà ni. A ní ká jẹ èkuru kó tán, ò ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, Ìyá."

Ó gbójú sókè wàyí. Ojú rẹ̀ pọ́n, àlùbọ́sà nìkan kọ́ ló fà á. "Delfina," ló wí jẹ́jẹ́, "mo ti darúgbó. Jẹ́ kí n máa wò ó kó máa jẹun." Inú bí mi débi pé mi ò kí i kí n tó jáde. Obìnrin yẹn mọ̀.

A padà lọ yàwòrán ní Albuquerque. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n fi oríṣiríṣi àwòrán han ọkọ mi nínú ẹ̀rọ náà, ojú àjèjì, ojú èmi, ilé wa, àti ojú ọ̀nà tí ìjàm̀bá ti ṣẹlẹ̀. Inú Dókítà Pruitt dùn.

"Ìbẹ̀rù ti sùn, mà. Ibi ìrántí náà ti ń kún. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí."

"Nígbà tó rí ojú mi ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé, ó pa á dé. "Kò yàtọ̀ sí ti àwọn àjèjì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àìsàn yìí, ọkàn á kú tipiri. Ẹ má fi ṣe ìbínú."

"Àwòrán wo ló wá ta á jí?"

Ó tún ìwé náà ṣí. "Ti ojú ọ̀nà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà á o. Ohun tí a rí ni ohun tí a máa ń rí bí èèyàn bá wo ilé tí wọ́n bí i sí. Ká sọ òótọ́, kò yé èmi náà."

Ó yé mi. Orí ìjókòó mi níbẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe wa. Òkè, ní kọ́nà, ni ẹ̀rù ti ba Eliseo. Àgbélébùú wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá kòtò tí ọkọ̀ ju Anselmo sí, níbi tó ti mí èémí ìkẹyìn. Nítorí pé gbogbo ayé ń pe ibẹ̀ ní ibi ìjàm̀bá, àwa náà kó ewé, a lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Onílé ló sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, mo ní kó gbé wa lọ sí ojú ọ̀nà náà. Kò bèèrè ohun tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ofelia wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àkísà nu àgbélébùú. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó bá a kúnlẹ̀, ó sì ń fa koríko. Ẹnu kò ya obìnrin náà. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò léjìká rẹ̀ láìwò ó.

"Ìgbà wo ló máa ń wá bá yín?" mo bi í.

"Gbogbo ọjọ́ Thursday. Ó máa ń jẹun, á sì lọ." Ó wò mí. "Mi ò pè é, Delfina. Ẹ̀yin lẹ pè é."

"Ọkọ mi dà, mà?"

Ó ká àkísà náà, ó tún tú u.

"Bí mo bá wá síbí lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ẹnì kan lókè, ní kọ́nà. Mo ní afẹ́fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í pe orúkọ èèyàn." Ó tẹ orí rẹ̀ ba. "Orúkọ rẹ ló ń pè. Mi ò lè sọ fún ọ. Ìyá ni mí."

Mo di ọkùnrin náà lápá mú, mo fà á gun òkè. Kò bá mi jà. Nígbà tí a dé kọ́nà, òtútù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oṣù Karùn-ún, ó wọ inú eyín mi. Mi ò ní ewé, mi ò ní bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo ní ẹnu.

"Eliseo, má dúró síbẹ̀. Máa bọ̀ nílé."

Mo wo ẹnu ọkọ mi, mo ń retí kó ṣí. Omi lé róró lójú ọkùnrin náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí wẹ́lẹ́. "Òtútù pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe pọ̀ tó."

"Ọkọ mi ló wà nínú òtútù ọ̀hún! Dáhùn!"

Ó mi orí. Nísàlẹ̀, Ofelia ti dìde, ó gbé ọwọ́ lérí. Mo fa èémí, mo sì tún pe Eliseo, mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é láti inú ọgbà bí oúnjẹ bá jinná. Lẹ́yìn mi gan-an, láàárín ọ̀nà tí kò sí ẹnì kankan, ohùn tí mo ti mọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún pe, "Delfina."

Ọmọ Ofelia gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ ọkọ mi méjèèjì bo ẹnu ọkọ mi.