Ọjọ́ tí Kereama Dá Bàbá Mi Dúró

Ọta mẹ́rin bọ́ lọ́wọ́ mi sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Kereama. Ìdíje ìyìnbọn ẹgbẹ́ wa ni, lẹ́yìn igbó igi páìnì níta ìlú Gore, òjò sì ti ń rọ̀ látàárọ̀. Òun ni adarí ìdíje tó dúró lẹ́yìn mi, aago tó ń ké pé kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọbìnrin, ṣé o fẹ́ gbin ọta yẹn ni?"

"Tó bá hù, màá bu díẹ̀ fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú bí mi, pàápàá nítorí pé ẹ̀rín náà dùn létí mi.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń kó ọta mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a ti méjì wọnú ìbọn, kí a tún ti méjì. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, ọta òfìfo ni mo fi ń ṣe é nínú ilé ìdáná, títí àtàǹpàkò mi fi bó. Ìfẹ́ ti wọ̀ mí lára.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n wá rí bàbá ẹ," ni Kereama wí.

Àgùntàn ni Dádì ń sìn, pẹ́pẹ́yẹ ló sì ń fi ìbọn pa láti kékeré. Látìgbà tí màmá mi ti kú, èmi nìkan ló kù fún un.

"Apẹja ará etíkun Bluff!" ló pariwo. "Ẹni tí kò lúgọ de pẹ́pẹ́yẹ rí, òun ló ń fi aago pàṣẹ fún àwa tí wọ́n bí mọ́ ìbọn?"

"Dádì, ẹ gbà, ẹ kọ̀, màá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ súre fún mi."

Ó fa tíì rẹ̀ mu. "Èmi náà á wá yìnbọn níbi ìdíje yín. Bí ọmọkùnrin náà bá tẹ́ mi lọ́rùn, kó béèrè ẹ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà."

Lọ́jọ́ ìdíje tó tẹ̀ lé e, Dádì dé tòun ti ìbọn ẹlẹ́nu méjì rẹ̀. Wọ́n kọ́ àwọn tuntun lófin: ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ òkìtì erùpẹ̀ tó wà níwájú. Dádì ń yán.

"Òkun ò bà mí lẹ́rù tó bàbá ẹ," Kereama sọ sí mi létí.

Aago ké. Dádì yìn, àwo irin méjì tí wọ́n fi ṣe àmì wó lulẹ̀. Ó tún yìn, méjì mìíràn wó. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Afẹ́fẹ́ wá gbá òjò sí i lójú, ó sì kẹ̀yìn sí i bó ṣe máa ń ṣe létí adágún tó bá ń dọdẹ pẹ́pẹ́yẹ. Ó ki ọta méjì bọ ìbọn, ó pa á dé.

"Dúró!"

Ohùn Kereama gba gbogbo pápá. "Bàbá, ẹ kọjú síwájú. Ẹ yọ ọta yẹn. Ìdíje ti parí fún yín."

Dádì yọ ọ́, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. "Irọ́ ni! Ẹnu ìbọn mi ò yí! O mọ ohun tí mo bá wá síbí lónìí, o sì dójú tì mí?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Kò yí ohun tí mo rí padà."

"Rhona! O wà níbẹ̀. Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo fẹ́ ìsúre bàbá mi ju ohunkóhun lọ, ẹ̀rù sì bà mí pé ó ti ń bọ́ lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní fi irọ́ gbà á.

"Ó yí, Dádì."

"Síbo?"

"Sọ́dọ̀ mi. Àyà mi gan-an ló kọjú sí."

Ó wo ọta méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ibi tí mo dúró sí lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn òǹwòran. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Mo sáré lọ dì mọ́ ọn.

"Ọmọ mi. Ọmọ mi o."

Kereama dúró lọ́ọ̀ọ́kán. "Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́ lónìí. Màá padà wá béèrè Rhona lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá lé mi, màá tún wá."

"Dákẹ́, jàre, kó o fà mí dìde." Kereama fà á dìde. Dádì fi apá nu ojú, kò sì fi ọwọ́ Kereama sílẹ̀. "Oṣù wo lẹ fi ìgbéyàwó sí? Kó má ṣáà jẹ́ oṣù karùn-ún o. Ìgbà ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn."

Oṣù kẹrin la ṣe é.