Obìnrin Aláṣọ Funfun Ojú Ọ̀nà Ọ̀rà

Ìtàn iwin ni Kọ́lájọ fi ń jẹun ní Ìlá. Á wá wọn rí lórí fóònù, á fi Yorùbá sọ wọ́n nínú fídíò, gbogbo ìlú á sì máa pín in kiri.

Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Sìńhálà, ní erékùṣù Siri Láńkà. Mòhínì ni wọ́n ń pe iwin náà: obìnrin aláṣọ funfun tó ń gbé ọmọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń bẹ èrò pé, "Ẹ bá mi gbọ́mọ." Ẹni tó bá gbà á, ó kú.

Kọ́lájọ kò sọ ibi tó ti rí ìtàn náà. Ó búra pé ojú òun ló ṣe, lójú ọ̀nà Ọ̀rà.

Oyèdọ̀tun ọ̀rẹ́ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó tó mọ Olúwa, sọ fún un pé, "Irọ́ lo fi búra yìí. Ronú pìwà dà."

"Pásítọ̀ inú oko," ni Kọ́lájọ dáhùn, "ṣé Mòhínì ti ń dẹ́rù bà ọ́ ni?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tẹ́júọlá ìyàwó Kọ́lájọ ń bọ̀ láti ibi ìdúpẹ́ ìjọ ní Ọ̀rà, nínú aṣọ funfun, ó pọn Ìrètí ọmọ wọn. Ọ̀kadà tó gbé e bà jẹ́. Ọlọ́kadà fẹsẹ̀ rìn lọ wá mẹkáníìkì. Ibẹ̀ ni gìrì ti mú ọmọ náà.

Ó gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ń bẹ àwọn tó ń kọjá: "Ẹ dákun, ẹ bá mi gbọ́mọ dé ọsibítù." Bí wọ́n ṣe ń rí i ni wọ́n ń sá.

Ó pe ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìrètí, ọmọ ń kú lọ. Mòhínì ni wọ́n ń pè mí."

Kọ́lájọ sáré lọ bá àwọn ọlọ́kadà. "Ìyàwó mi ni. Irọ́ ni mo pa."

"Ìwọ náà lo ṣáà búra," ni ọ̀kan wí. "Máa lọ pàdé rẹ̀."

Ó fẹsẹ̀ sáré, ó ń sunkún. Oyèdọ̀tun, tó ń ti oko bọ̀, ti gbé ìyá àtọmọ sẹ́yìn ọ̀kadà tirẹ̀. Ní ọsibítù ni Kọ́lájọ ti bá wọn.

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?" ló bi Oyèdọ̀tun.

"Ó bà mí. Ṣùgbọ́n Jésù ò sá fún mi nígbà tí mo burú ju iwin lọ."

Kọ́lájọ kúnlẹ̀. "Olúwa, irọ́ mi ni mo fi dínà mọ́ ọmọ mi. Gbà mí, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí." Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Ìrètí sunkún nínú yàrá.

Ó ti jẹ́wọ́ nínú fídíò mìíràn. Síbẹ̀, irọ́ náà ṣì ń rìn lórí àwọn fóònù tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló dé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dé.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Olùgbàlà dúró lójú ọ̀nà rẹ, ó na ọwọ́ sí ọ. Ọjọ́ ti ń lọ. Má sá kọjá lára rẹ̀. Dúró lónìí.