Ọjọ́ Tí Lọ́yà Purọ́ fún Adájọ́

"Bóo bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ẹ̀wọ̀n ni bàbá ẹ ń lọ!" Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló fa ọmọ náà létí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù ìdílé. "Àbí o fẹ́ káyé máa nawọ́ sí wa?"

Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé ìwé, nítorí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹnu tó ń bá tíṣà jiyàn, ẹnu yẹn ló wọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ fún: kí kọ́ọ̀tù lé ọkọ rẹ̀ kúrò nílé kó tó lù ú pa. Òun nìkan ló sì wà ní kíṣíìnì nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣẹ́ ìyá rẹ̀ lápá.

Tẹ́lẹ̀, adájọ́ yìí kan náà ì bá ti ní, "Ìyáàfin, ẹ lọ fara dà á." Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó àwọn adájọ́ lọ kọ́ nípa ẹ̀tọ́ obìnrin, ó sì jọ pé eléyìí ò sùn níbẹ̀. Ó bọ́ aṣọ dúdú rẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà dúró síta, ó wá mú ọmọ náà wọ yàrá kékeré kan.

"Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Kí lo rí?"

Òtítọ́ dé ọ̀fun Lọ́yà, ó gbé e mì.

"Mọ́mì yọ̀ ṣubú ni, sà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ìwé dókítà sọ pé apá ṣẹ́, kò sọ ẹni tó ṣẹ́ ẹ. Adájọ́ mí kanlẹ̀, ó sì da ẹ̀bẹ̀ ìyá náà nù.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ ilé kan náà ni wọ́n jọ padà sí. "Ọmọ bàbá ẹ̀!" ni bàbá ń kì í nínú mọ́tò. Bí wọ́n ṣe délé, ó ti ìyá wọ yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀kùn. Lọ́yà ń lu ilẹ̀kùn, ó ń ké, "Mo rí yín! Ẹ̀yin lẹ ṣẹ́ ẹ!" Ta ni yóò gbọ́? Adájọ́ kò sí níbẹ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Ó wo òkè àjà, ó ní:

"Wọ́n kọ́ adájọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè, ó sì béèrè dáadáa. Ta ni yóò wá kọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń dáhùn?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má pe irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìfẹ́ ẹbí o. Ẹni tó bo aṣebi mọ́lẹ̀, ẹni tó ń jìyà ló tà.