Tàjùdíìnì àti Làdíátù ní Westchase

Títí di òní, bí Tàjùdíìnì bá wakọ̀ gba àdúgbò Westchase kọjá, inú rẹ̀ máa ń rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí Làdíátù, ní 1998, nígbà tí Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní Houston.

Orí rẹ̀ gbóná lọ́jọ́ náà. Ó ti kọ́ kernel tuntun, ìyẹn ọkàn tó ń darí kọ̀ǹpútà, fún ọ́fíìsì elépo tó ń bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn module, ègé kéékèèké tí kernel máa ń pè wọlé, kọ̀ láti wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú fin-ín fin-ín. “Unresolved symbol,” ìyẹn orúkọ tí kò rí, ni ẹ̀rọ ń kọ síta ṣáá.

“Module yìí ti bàjẹ́!” ló ń dá sọ.

“Kò bàjẹ́ o.”

Ó yíjú. Obìnrin tó da ìbòrí búlúù borí ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, Làdíátù, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ẹ̀ka mìíràn.

“Háà, ẹ káàárọ̀, ma. Yorùbá ni yín?”

“Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Má pè mí ní ma, mi ò tíì darúgbó. Kernel tuntun lo kọ́. Àwọn module ńkọ́?”

Tàjùdíìnì tún ẹ̀rọ náà wò. Module àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wá orúkọ tí kernel tuntun ti yí pa dà. Àwọn méjèèjì jọ tún wọn kọ́. Nígbà tí iná káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ́jú, wọ́n hó yè bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹun ọ̀sán lọ́tọ̀ mọ́. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára.

“Làdí mi, fẹ́ mi.”

“Tàjù, mo ti lọ́kọ rí. Mo ti bí Muslimat. Mo tún jù ẹ́ lọ.”

“Mo mọ̀. Ìwọ náà ni mo fẹ́.”

Ṣùgbọ́n ìyá Tàjùdíìnì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Tàjù ní ìlú Rosenberg, fárígá. “Ọmọ mi tí kò láya rí, kó lọ fẹ́ dálémoṣú? Ó tì o!”

Làdíátù gbọ́, ó sunkún, ó sì fà sẹ́yìn. “Mi ò ní bá ìyá rẹ du ọmọ.”

Tàjùdíìnì rù. Kì í jẹun mọ́. Nígbà tí ìyá rí i, wọ́n ní, “Gbé mi lọ bá obìnrin náà.”

Ní apartment rẹ̀ ní Fondren, Làdíátù kúnlẹ̀ kí wọn.

“Kí ló lé ọ nílé ọkọ?”

“Ó máa ń lù mí, ma. Mo fara dà á. Ọjọ́ tó lu Muslimat ni mo jáde.”

Tàjùdíìnì rí i tí ìyá ń fọwọ́ pa ìgúnpá òsì wọn, èyí tí kò nà tán láti ìgbà tí Tàjù wà léwe. Àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń ní àwọn ti ṣubú.

“Èmi dúró,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Títí bàbá rẹ fi kú, Tàjù. Mo rò pé àwọn tó jáde ni kò ní sùúrù.”

Omijé bọ́ lójú wọn. Wọ́n fa Làdíátù dìde.

“Dìde, ìyàwó mi.”

Tàjù àti Làdíátù so yìgì ní mọ́sáláṣí kí oṣù tó parí. Ìyá pọn Muslimat, wọn ò sọ̀ ọ́ títí àdúrà fi parí.

Ìyá ti jáde láyé báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ ìyá nílé, Làdíátù ló máa ń kọ́kọ́ sunkún.