Oleta Kò Gbọdọ̀ Mira

Oleta ni orúkọ ọmọ náà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí kò bá rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, á bá bàtà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ yìí, òun àti màmá àgbà ń lọ sí Òkè Laurel. Wọ́n ń lọ dọdẹ tòlótòló igbó.

Màmá àgbà bọ́ fìlà pupa kúrò lórí Oleta. "Pupa ni orí akọ tòlótòló. Ṣé o fẹ́ kí ọdẹ míì fi ọ́ pe tòlótòló ni?"

"Rárá, mà."

"Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n gbà wá láyè láti dọdẹ lọ́dún yìí. Bí o bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ilé yá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ àti ológbò lẹ ó jọ máa ṣọ́lé."

"Mo ti gbọ́, màmá àgbà."

"Ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ni."

Wọ́n rìn. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Wọ́n ń tẹ ewé tútù. Wọn ò tẹ ewé gbígbẹ. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n jókòó sídìí igi ńlá kan. Màmá àgbà gbé ìbọn lé orúnkún. Ó mú fèrè rẹ̀ tí wọ́n fi egungun ẹyẹ ṣe, ó fẹnu fà á.

"Kíoo, kíoo, kíoo." Bí abo tòlótòló ṣe ń ké gan-an nìyẹn.

Lókè lọ́hùn-ún, akọ kan dáhùn. "Gọ́bugọ́bugọ́bu."

Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Akọ ò ké mọ́.

Ṣé ó ti lọ ni? Oleta fẹ́ béèrè. Ó gbé ìbéèrè náà mì.

Ẹ̀fọn bà lé imú rẹ̀. Oleta ò mira. Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀, ó yó, ó lọ. Oleta ò mira.

Orí pupa kan yọ láàárín ewé.

Akọ tòlótòló ni. Ó ń bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀, ó dúró. Ó gbé ẹsẹ̀, ó dúró.

Oleta wo màmá àgbà.

Màmá àgbà ti sùn lọ.

"Fọ̀ọ̀ọ̀n," ni imú màmá àgbà ṣe. "Fọ̀ọ̀ọ̀n."

Tòlótòló na ọrùn sókè. Irú ẹyẹ wo nìyẹn? Ó yí padà. Ó fẹ́ lọ.

Kí ni kí Oleta ṣe? Bó bá pariwo, ẹyẹ á fò. Bó bá fọwọ́ kan màmá àgbà, ẹyẹ á rí i.

Oleta ò mira. Ètè rẹ̀ nìkan ló mì, jẹ́jẹ́.

"Kíoo."

Tòlótòló dúró. Abo kẹ̀? Ó kọjú sí wọn padà.

Màmá àgbà la ojú kan. Ojú kan péré.

Tòlótòló tẹ́ ìrù gbagada, bí abẹ̀bẹ̀. Ó ń yan. Ó yí po, kí abo lè rí ẹwà rẹ̀. Ìrù gbagada bo ojú òun fúnra rẹ̀.

Wéré, màmá àgbà gbé ìbọn séjìká.

Tòlótòló yí padà. Ó na ọrùn.

Gbàù.

Igbó pa rọ́rọ́. Tòlótòló sùn sórí ewé.

"Ta ló ké bí abo yẹn?" ni màmá àgbà bi í.

Oleta fi ìka tọ́ka sí àyà rẹ̀.

"Fọhùn, jàre. Ọdẹ ti parí."

"Èmi ni, mà. Ẹ ń hanrun."

"Èmi kẹ̀? Mo dijú kí n lè gbọ́ràn dáadáa ni."

"Ẹ gbọ́ràn débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu yín."

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé ẹyẹ náà kọ́ èjìká.

"Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́, màmá àgbà? Ta ló máa jí yín?"

"Ìwọ náà ni. Ológbò mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ebi ń pa wọ́n gan-an.