Orúkọ Tí Màmá Sípéènì Fún Àbíkẹ́yìn

Gbogbo àwọn tó kù ni olùkọ́ fún lórúkọ láìdúró rò ó. Ó ń rìn láàrin àga, ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ àwọn ará Sípéènì sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ wéréwéré bí ẹni tó ń há gúgúrú fọ́mọdé. Nígbà tó kan ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò wo ọmọbìnrin náà. Ilẹ̀kùn ló ń wò, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ wọlé. Ó wá pe orúkọ kan, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé àwọn tó wà níwájú kò gbọ́.

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí. Ẹni tó bá máa bínú, kó bínú. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin yìí nílé, torí òun ni ìyá rẹ̀ bí gbẹ̀yìn, nígbà tí ó ti rò pé òun ti bímọ tán. Aránṣọ ni ìyá náà. Bàbá ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n ti wà nílé ọkọ, ìyá àti ọmọ yìí nìkan ló kù tí wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn. Láti ìgbà tí ọmọ ti wọ yunifásítì, lọ́sàn-án, tó bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ìyá á pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Kì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà. Oríkì ọmọ náà ni yóò máa kì, yóò máa kì í lọ títí ọmọ yóò fi dáhùn, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà lọkàn ìyá tó máa ń balẹ̀.

Nígbà tí Àbíkẹ́yìn sọ pé èdè Sípéènì lòun fẹ́ kà ní yunifásítì, ńṣe ni ìyá rẹ̀ yọ dígí kúrò lójú.

"Sípéènì kẹ̀? Ta lo fẹ́ máa bá sọ ọ́ nínú ilé yìí? Ṣé máṣíìnì mi ni?"

Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì gbà. Kò sí ohun tí Àbíkẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ fún tí kì í gbà.

Olùkọ́ tó ń pín orúkọ yìí, Màmá Sípéènì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é tó bá ti kẹ́yìn. Ọ̀kan lára wa ni, ṣùgbọ́n ó ti lọ kàwé lọ́hùn-ún nígbà èwe, ó lọ́kọ níbẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀, kí ó tó padà wálé lóun nìkan. Ohun tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ilé nínú kíláàsì rẹ̀ rárá. Tó bá pe orúkọ Sípéènì rẹ láàárọ̀, "Presente" ni wàá fi dáhùn, ìyẹn ni pé mo wà níbí. Ó kọ́ wọn pé àwọn ará ibẹ̀ náà ní "ìwọ" fún ojúgbà, wọ́n ní "ẹ̀yin" fún àgbà, inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dùn pé àwọn kan lókè òkun tún mọ ọ̀wọ̀. Òun fúnra rẹ̀, "ẹ̀yin" ló ń pe gbogbo wọn, títí dórí àwọn tí kò bọ́jú kí wọ́n tó wá.

Etí ni ìṣòro Àbíkẹ́yìn. Ó lè ka èdè náà, ó lè kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ará Sípéènì bá ti la ẹnu, ó parí. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àfetígbọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n sọ fún un pé tó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní ẹ̀ka náà. Kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Bó ṣe di ará ilé yàrá àfetígbọ́ nìyẹn.

Yàrá náà tutù. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn síbẹ̀, ẹsẹ̀ kì í dún, wọ́n sì fi pákó dá tábìlì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Òórùn eruku àti wáyà tó gbóná ló máa ń wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ti ń tẹ́tí sí ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń jiyàn lórí ọkọ̀ ojú irin títí orí fi ń fọ́ ọ. Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ohun tó fi sétí kò tíì kúrò létí rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan pe orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohùn ọmọbìnrin ni. Ó rọ̀, ó sì súnmọ́ tòsí gan-an.

"Presente," ni Àbíkẹ́yìn wí kí ó tó yíjú.

Kò sí ẹnikẹ́ni. Àga tó wà nídìí tábìlì kejì nìkan ló ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí irin rẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó lé e ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá pè é tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ dáhùn. Ta ni wọn ò ṣe ìkìlọ̀ yìí fún nínú wa? Ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé ni Àbíkẹ́yìn ń ṣọ́. Èyí tí wọ́n fún un ní kíláàsì, bí eré ló ṣe rí lójú rẹ̀, kò sì rò ó pé ó yẹ kí èèyàn ṣọ́ eré.

Ó tún tan ẹ̀rọ. Àti ọkùnrin àti obìnrin náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wọn tí kò yé e. Kódà ó gbọ́ ọ lóhùn ọkùnrin náà pé irọ́ ló ń pa. Ó pariwo, ó dìde, ó ń fò sókè nínú yàrá òfìfo. Kò tiẹ̀ rántí àga mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é. Wọ́n pè é lórí àtẹ̀gùn, wọ́n pè é láàrin ìwé ní láìbúrárì, ó sì ń dáhùn, torí gbogbo ìgbà tó bá ti dáhùn ni èdè náà ń wọ̀ ọ́ lára sí i. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ta ni máàkì kì í dùn mọ́? Ó yege ìdánwò àfetígbọ́, ó ta gbogbo wọn yọ. Ní kíláàsì lítíréṣọ̀, wọ́n ka ewì kan nípa opó tó ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, kí olùkọ́ tó túmọ̀ rẹ̀ ni Àbíkẹ́yìn ti ń sunkún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Sípéènì ni wọ́n ti gbé e wá. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Màmá Sípéènì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń wo ọmọbìnrin náà.

Ṣùgbọ́n bí nǹkan ṣe ń wọlé ni nǹkan ń jáde. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ ní òun ò lè pẹ́ lórí fóònù torí òun gún ara òun níka.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé… nǹkan yẹn ló gún yín? Èyí tẹ́ ẹ fi ń ránṣọ?"

"Abẹ́rẹ́?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ ọmọ aránṣọ! Èdè Sípéènì ti gba ọpọlọ ẹ lọ nìyẹn."

Àbíkẹ́yìn bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù bà á. Orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan náà lédè Sípéènì wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Tiwa ló wá tì. Kò pẹ́ tó tún wá orúkọ òwú tì, ó wá ti korobá tì. Èyí tó wá dùn ún jù ni oríkì. Ìyá rẹ̀ á máa kì í, á máa kì í, yóò sì máa dún létí rẹ̀ bí oríkì ọmọ aládùúgbò. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé òun ni wọ́n ń kì. Ìyá ti ń béèrè pé ṣé ara rẹ̀ yá.

Ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é torí pé kò lẹ́ran lára. Ó ń ká aṣọ nígbà tí Àbíkẹ́yìn ti kíláàsì dé.

"Ṣé o ti ṣeré ẹ tán?" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí.

"Eré wo?"

"Èyí tó ò ń ṣe lẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀kan, tó ò ń nàka sí nǹkan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀. 'Kí là ń pe èyí?' Mo ní korobá. 'Èyí ńkọ́?' Mo ní okùn aṣọ. O ní kí n rọra pè é kó o lè gbọ́ ọ dáadáa. O tún bu ìhó ọṣẹ sọ́wọ́, o ní kí n sọ ìyẹn náà. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí."

Àbíkẹ́yìn di ilẹ̀kùn mú. "Tẹ́ẹ́rẹ́, kíláàsì ni mo wà láti àárọ̀."

"Ta wá ni mo rí? Ojú ẹ nìyí, aṣọ ẹ nìyí." Tẹ́ẹ́rẹ́ dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "O tiẹ̀ bi mí pé kí ni wọ́n ń pe ìyá ẹ. Mo ní ṣé o ti gbàgbé orúkọ ìyá ẹ ni. O ní rárá o, o ní o ò tíì kà á débẹ̀ ni."

Orí Àbíkẹ́yìn wú. Òun ń kọ́ èdè Sípéènì, ẹnì kan sì wà níbì kan tó ń kọ́ òun. Ẹni náà kò sì ṣeré rárá.

Kò bọ́ bàtà tó fi sáré lọ sí ọ́fíìsì Màmá Sípéènì. Oòrùn ọ̀sán wà lórí tábìlì, tíì tí obìnrin náà bu ti tutù, ọ̀rá mílíìkì sì ti dì sórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gba orúkọ yẹn kúrò lọ́rùn mi."

Màmá Sípéènì kò bi í pé orúkọ wo. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Nígbà tó sọ̀rọ̀, èdè Sípéènì ló fi sọ ọ́, "ìwọ" ló sì pe ọmọbìnrin náà.

"Jókòó, ọmọ mi."

"Èmi kì í ṣe ọmọ yín, mà."

Obìnrin náà mi kanlẹ̀. Ó padà sí èdè wa.

"Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọ̀hún ni mo bí i sí, ọ̀hún náà ló kú sí. Kò ga ju tábìlì yìí lọ nígbà náà. Kò gbọ́ èdè wa rárá, mo ní tó bá yá màá kọ́ ọ." Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá ti dé, mo máa ń fún ẹnì kan nínú wọn lórúkọ ẹ̀. Kí n kàn lè máa pè é láàárọ̀, kí ẹnì kan sì dá mi lóhùn. Ibẹ̀ náà ni mo fẹ́ kó mọ. Mi ò mọ̀ pé òun náà á máa gbọ́."

"Ẹ ti rí i?"

"Lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo rò pé ojú mi ni."

"Ẹ sì dákẹ́! Ẹ jókòó tì í, ẹ ń wò mí!" Ọmọ tí kì í gbóhùn sókè sí àgbà, ó ń pariwo. "Ẹ lé e lọ, mà!"

"Ọmọ mi ni màá lé?" Obìnrin náà bú sẹ́kún. Ó pẹ́ kó tó nu ojú, kó tó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹlòmíì ń gbọ́. "Pe ìyá ẹ. Kí ẹni tó bí ẹ pè ẹ́ lórúkọ, kó o dá a lóhùn. Tó o bá ti lè dá a lóhùn, ìwọ lo ni ara ẹ."

Àbíkẹ́yìn tẹ fóònù. Ó gbé e sórí tábìlì kí ohùn lè jáde síta. Máṣíìnì ń kù lọ́hùn-ún, ó dákẹ́, ìyá sì gbé fóònù. Kò béèrè nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Lọ́tẹ̀ yìí Àbíkẹ́yìn gbọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ lára, ó mọ̀ pé òun ni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Mà! Mo ń gbọ́ yín, mà," ni ohùn rẹ̀ wí.

Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ọmọbìnrin kan dúró níbẹ̀, ojú Àbíkẹ́yìn ló ní, aṣọ Àbíkẹ́yìn ló wọ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń kì.

"Àbíkẹ́yìn mi!" Ayọ̀ gba ohùn ìyá kan. "Ó mà ti pẹ́ tó o ti dá mi lóhùn báyìí. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ yìí."

"Ẹ má bínú, mà. Ìwé ló pọ̀. Mo ń bọ̀ wálé, ẹ má jẹun kí n tó dé."

Àbíkẹ́yìn kígbe. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé èmi kọ́ nìyẹn, ìyá mi, èmi nìyí. Èdè Sípéènì ló bọ́ sílẹ̀. Ó jáde ketekete, kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ó wá tiwa ní gbogbo ẹnu rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ta ló ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn?" ni ìyá béèrè. "Kí ló ń sọ?"

Màmá Sípéènì ti dìde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọbìnrin tó wà níwájú ilẹ̀kùn, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọbìnrin náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò ṣe bí ẹni tó gbọ́ orúkọ náà rí. Ìyá tí ọmọ kú fún tún pè é, ó fi ẹkún pè é.

"Presente," ni Àbíkẹ́yìn wí.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti wí i. Màmá Sípéènì yíjú sí i, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Mo ní ta nìyẹn?" ni ìyá wí nínú fóònù.

Ọmọbìnrin náà rìn wá sídìí tábìlì, ó mú fóònù, ó gbé e sétí.

"Ọmọ olùkọ́ wa ni, mà," ó ní. "Màmá ẹ̀ ló ń pè é."