Ta Ló Ní Mo Ti Dárí Jì Í?

Ìyá Abẹ́rẹ́ ń fi ọwọ́ òsì já òwú lára aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan nígbà tí akọ̀wé ilé ìlàjà wọlé tòun ti fáìlì lábíyá. Ìyá Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọlọ́wọ́ òsì o. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi rán aṣọ fún ọdún méjìlélógún, kí pákó tó fún ọwọ́ náà mọ́ òpó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Káfíńtà kan ló kó pákó gbọọrọ sẹ́yìn mọ́tò, kò so wọ́n le, kò ta aṣọ pupa mọ́ ìdí wọn. Bó ṣe yà ní kọ̀rọ̀ báyìí, ìdí pákó fì gbàgà, ó gbá obìnrin tó dúró jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Káfíńtà ò dúró o! Ó tẹná mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò tó ka nọ́ńbà mọ́tò ló jẹ́ kí wọ́n rí i mú. Títí di òní, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá obìnrin náà kò ṣe é ká. Aránṣọ wo ló ń di àlùmọ́gàjí mú láìsí ìka méjì wọ̀nyẹn?

Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé ìlàjà, níbi tí ẹni tó ṣẹni àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti máa ń jókòó kojú ara wọn, kí wọ́n sọ tinú wọn, kí wọ́n sì wá bí wọ́n ṣe máa tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ètò tó dáa ni, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ti fọwọ́ síwèé níbẹ̀, ẹjọ́ parí nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ń fẹ́ kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan: kó bi ọkùnrin yẹn léèrè ìdí tí kò fi dúró.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ni akọ̀wé wí. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ká má parọ́ mọ́ ọn. "Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ ò ní láti yọ ara yín lẹ́nu wá sí ọ́fíìsì wa mọ́. Káfíńtà ti kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, a sì ti bá yín kọ èsì. Ẹ kàn máa fọwọ́ síbí yìí ni."

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá kí àbúrò rẹ̀. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ni kó tó fẹ̀yìntì: òun ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún adájọ́ nígbà tí ẹni tó wá rojọ́ kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé e wá, kí n kà á sí i létí."

Lẹ́tà náà dùn bí oyin. "Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ọkàn mi gbọgbẹ́ bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ìrora yín ni ìrora mi. Oorun kì í kùn mí bí mo bá rántí bó ti nira tó fún yín láti fi ẹsẹ̀ yẹn rìn..."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?" Ìyá Abẹ́rẹ́ dìde fùú. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó na ìkejì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Èwo ló rọ nínú méjèèjì? Ọkùnrin yìí ò tiẹ̀ mọ ibi tó ti ṣe mí léṣe!"

Akọ̀wé wúkọ́ díẹ̀. "Àṣìṣe kékeré ni, mà. Ẹ̀rọ ló bá a kọ ọ́, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní AI. Ẹjọ́ pọ̀ nílẹ̀, òun la fi ń yára. A máa tún un ṣe."

"Èyí tí ẹ ní èmi kọ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mú ìwé kejì. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á. "Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ti gba ẹ̀bẹ̀ náà tọkàntọkàn. Mo ti dárí jì í. N kò ní ìbéèrè kankan."

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí! Odidi wákàtí kan ni obìnrin yìí fi sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sunkún. Ó bú káfíńtà. Ó sọ ọ́ pé ọmọ òun ló ń bá òun de bọ́tìnnì aṣọ báyìí bí ẹni ń múra fún ìkókó. Fóònù tí akọ̀wé gbé sórí tábìlì gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ sì fọ ìbínú rẹ̀ dànù, ó wá fi ìdáríjì sí i lẹ́nu.

"Ta ló ní mo ti dárí jì í?" Ìyá Abẹ́rẹ́ kọjú sí akọ̀wé. "Ọjọ́ wo? Níbo?"

"Mà, ẹ̀rọ ti yẹ lẹ́tà káfíńtà wò. Ó ní ìrònúpìwàdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún."

"Lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ ni ẹ̀rọ tún wá fún ní máàkì? Ẹ̀rọ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ gba ẹ̀bẹ̀, ẹ̀rọ dárí jini! Ṣé ẹ̀rọ ni pákó gbá ni?"

Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà, ó gbé e sórí itan rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ògbufọ̀. Bí ẹnì kan bá bú adájọ́, bó ṣe bú u gẹ́lẹ́ ni mo ń túmọ̀ rẹ̀, òógùn á sì máa bò mí níbi tí mo dúró sí. Mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a fi iyọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Ọjọ́ tí mo bá yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, mo ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn."

"Ẹ̀rọ náà kàn ń ràn wá lọ́wọ́ ni, sà."

"Kó ràn yín lọ́wọ́! Kó bá yín to ọjọ́ ìpàdé. Kó bá ẹni tí kò mọ̀wé kọ tẹ ohun tó bá sọ, kí ẹ sì kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ àti ìdáríjì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ tún dá mi lóhùn: ṣé ẹ sọ fún àbúrò mi pé ẹ̀rọ lẹ máa gbé ohùn rẹ̀ fún? Níbo ni ohùn náà wà báyìí? Àwọn wo ló lè gbọ́ ọ?"

Akọ̀wé ò mọ̀. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ tí obìnrin kan ò lè sọ lójú ọmọ rẹ̀ ló sọ fún wọn, wọn ò sì mọ ibi tó wọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Má fọwọ́ sí i. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti kọ̀ ọ́. Ní kí wọ́n pa ohùn rẹ rẹ́, kí o sì béèrè ìpàdé ojúkojú. Èèyàn ni kó ṣe alárinà."

Ìyá Abẹ́rẹ́ kó ìwé méjèèjì padà fún akọ̀wé, ó ní kí wọ́n pa ohùn òun rẹ́, kí wọ́n sì pe káfíńtà wá.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n pàdé ní ilé ìlàjà, kò sì sí fóònù kankan lórí tábìlì. Káfíńtà, géńdé ọkùnrin, ń fi èékánná ha etí tábìlì bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà.

"Kí ló dé tí ẹ ò dúró?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bi í.

"Mo gbọ́ igbe yín," ni káfíńtà wí. "Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé mo ti pa èèyàn ni. Ẹ̀rù bà mí, mo sá. Wọ́n ní ẹ̀rọ á bá mi bẹ̀ yín ju bí mo ṣe lè bẹ̀ yín lọ, mo sì gbà, torí ojú ń tì mí láti wá. Mi ò tiẹ̀ ka lẹ́tà náà." Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá Abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn.

"Mi ò tíì dárí jì yín," ó ní. "Bóyá màá ṣe é, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ẹ máa wá ṣí i láràárọ̀. Ẹ sì bá mi kan tábìlì tí mo lè máa fi ọwọ́ kan gé aṣọ lórí rẹ̀."

"Màá wá, mà."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń wá. Kò sí ẹyọ kan nínú nǹkan méjèèjì yìí, ilẹ̀kùn àti tábìlì, nínú ìwé tí ẹ̀rọ kọ.

Ẹ̀yin ará, bí ọ̀rọ̀ bá gbé yín dé ilé ìlàjà, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ ń gbọ́ kí ẹ tó la ẹnu. Ẹ béèrè ibi tí ohùn yín ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ lórúkọ yín sí yín létí, bí kò bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "ẹjọ́ pọ̀ nílẹ̀" kán yín lójú débi tí ẹ ó fi fọwọ́ sí i. Kò sí òfin ìlàjà tó ní kí ẹ dárí jini tipátipá. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣẹni, ẹ má rán ẹ̀rọ lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ fúnra yín, kódà bí ẹ bá ń kólòlò.